Ọjọ́ 15 Oṣù Ṣẹ́rẹ́: Ta Ni À Ń Rántí?

Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ bá pé, gómìnà a gbé òdòdó kalẹ̀ ní Adó-Èkìtì fún àwọn ọmọ-ogun tó kú, wọn a sì tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Ọjọ́ náà ni Philip Effiong wá sí Dodan Barracks ní Èkó lọ́dún 1970, tí Biafra túúbá fún Gowon. Ṣáájú èyí, 11 oṣù Bélú ni ìrántí náà, nítorí ogun àgbáyé tó parí ní 1918.

Ohun tí wọn kì í sábà sọ níbi ayẹyẹ náà ni pé ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ kan náà, ní 1966, ni àwọn ọ̀gá ológun kan dìtẹ̀. Wọ́n pa Tafawa Balewa. Wọ́n pa S. L. Akíntọ́lá ní Ìbàdàn. Wọ́n pa Brigadier Samuel Adémúlẹ́gún àti aya rẹ̀ ní Kaduna. Ibẹ̀ ni iná ti ràn dé ogun abẹ́lé. Ọjọ́ tó ràn ni ọjọ́ tó kú, ṣùgbọ́n kíkú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pè ní ìrántí.

Ẹni tó wà ní Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ tàbí Ìdó, orí rédíò ló ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ọmọ agbègbè náà wọ aṣọ ogun. Kí ló dé tí alága ìjọba ìbílẹ̀ kò lè pe orúkọ wọn níwájú ààfin? Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọyẹ́, ó ní ọgbà ní Ìkọ̀lé pẹ̀lú; kí ó rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1967 ti ń sún mọ́ ọgọ́rin.