Kíríò, Akú, Sàró: orúkọ mélòó lèèyàn kan ń jẹ́?

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wò ó ná. Ọkùnrin kan gbéra láti Freetown, olú-ìlú Sierra Leone, ó dé Agbamu nílẹ̀ Ìgbómìnà, ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìpínlẹ̀ Kwara. Kò gbọ́ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rí níbẹ̀. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà báyìí, ó rí ìyá àgbà kan tó ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé, ọmọdébìnrin kan sì jókòó tì í, ó ń bá a ṣà á. Àlejò kí ìyá bí wọ́n ṣe ń kíra wọn nílé tiẹ̀: “Kushe, mama.” Ìyá gbójú sókè, ó ní, “Òo, ẹ káàbọ̀ o.” Lójú ìyá, kúuṣẹ́ lọ̀gbẹ́ni yìí sọ, ó ní láti jẹ́ ọmọ ìlú kan tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi, tí ahọ́n ẹ̀ ti yí díẹ̀.

Kò tán síbẹ̀ o. Bí wọ́n bá gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ síwájú ọkùnrin yìí, kò ní í béèrè pé kí lèyí, olele lòun náà ń pè é nílé. Àkàrà ńkọ́? Àkàrà náà ni. Ẹ̀gúsí ńkọ́? Òun ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Bí wọ́n bá ní wọ́n fẹ́ sọ ọmọ tuntun lórúkọ nílé kejì, á ní komojade ni wọ́n ń pe tàwọn. Bó bá jẹ́ sàráà ni wọ́n fẹ́ ṣe nítorí àwọn òkú ọ̀run, á ní awujoh ni tàwọn. Eégún wà ní Freetown, ẹgbẹ́ ọdẹ wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló wà títí dòní.

Ṣùgbọ́n kí ìyá wá bi í pé, “Ọmọ mi, ṣé Yorùbá ni ẹ́ ni?” Ọlọ́kadà tó gbé e wá, tó gbọ́ pijin dáadáa, ló máa bá wọn ṣe ògbufọ̀, nítorí pijin àti èdè Kíríò súnmọ́ra wọn gan-an. Ọkùnrin yẹn á mi orí. Á ní rárá o, Kíríò lòun.

Kí wá ló ń jẹ́ Kíríò? Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ ti di iṣu ata yán-an yàn-an.

Creole làwọn Òyìnbó ń pè é. Ọ̀dọ̀ àwọn Potogí ló ti wá, crioulo ni tiwọn, ó sì jáde láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kéèyàn tọ́ ọmọ dàgbà. Ẹrú tí wọ́n bí sínú ilé olówó ẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè yà á sọ́tọ̀ sí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ará Sípéènì náà gba ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní criollo, ni wọ́n bá ń fi pe Òyìnbó pọ́ńbélé tí wọ́n bá ti bí sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ ò rí nǹkan? Orúkọ kan ṣoṣo, ẹrú ń jẹ́ ẹ, olówó ẹrú náà ń jẹ́ ẹ.

Ní Louisiana, tó jẹ́ ti àwọn Faransé kí Amẹ́ríkà tó rà á ní 1803, Òyìnbó ọmọ Faransé ní Creole lòun, aláwọ̀ dúdú tó ń sọ Faransé náà ní òun gan-an ni Creole, àríyànjiyàn ọ̀hún ò sì tíì tán. Ní erékùṣù Mauritius, ọmọ-ọmọ àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà àti Madagascar nìkan ni wọ́n ń pè ní Creole. Ọmọ Íńdíà tó wà níbẹ̀ kò ní í gbà kí ẹnikẹ́ni pe òun bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ èdè Creole kan náà ni gbogbo wọn jọ ń sọ nílé. Ní Haiti, èdè ni wọ́n ń fi orúkọ yẹn pè jù, òfin ilẹ̀ wọn ti 1987 sì fi í ṣe èdè ìjọba pẹ̀lú Faransé. Béèyàn bá tú gbogbo ẹ̀ wò, ọmọ tí wọ́n bí síbi tí kì í ṣe ibi tí àwọn baba ńlá ẹ̀ ti wá ni wọ́n ń sọ. Ibi tí kálukú fẹ́ fi orúkọ náà dé ló yàtọ̀.

Àwọn kan ní Freetown ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ti Potogí sétí. Wọ́n ní Yorùbá ni Kíríò, pé “a-kiri-yó” ni, nítorí bí àwọn baba wọn bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, wọn a máa kiri láti ilé dé ilé, wọn a sì máa yó bọ̀. Ó dùn létí, kò sì ṣòro fún Yorùbá láti gbà á gbọ́. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé crioulo ti wà lẹ́nu Potogí tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó tẹ Freetown dó. Ẹni tó bá fẹ́ máa jẹ́ a-kiri-yó kó máa jẹ́ ẹ lọ, kò ní kó má yó. Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má lọ pò ó pọ̀ mọ́ Kírìjí o. Ìró àgbá nìyẹn, ogun tí àwọn Ìgbómìnà fi dúró ti Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà láti bá Ìbàdàn jà láti 1877.

Ogun ló sì kó Yorùbá dé Freetown, àmọ́ kì í ṣe Kírìjí, àwọn tó ṣáájú ẹ̀ ni. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó wá láti London ló kọ́kọ́ débẹ̀ ní 1787, tiwọn ò tòrò. Àwọn tó wá láti Nova Scotia tẹ Freetown dó ní 1792, àwọn Maroon láti Jàmáíkà tẹ̀lé wọn ní 1800. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn ń mú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, wọ́n sì ń já àwọn tó wà nínú ẹ̀ sí Freetown. Èèyàn tó lé ní 80,000 ni wọ́n kó síbẹ̀ lọ́nà yìí. Lákòókò yẹn, Ọ̀yọ́ ń fọ́, ogun Ìlọrin àti ti Núpé ò jẹ́ kí ilẹ̀ Ìgbómìnà sinmi, torí náà Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n já sílẹ̀. Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, wà lára wọn. Wọ́n mú un lẹ́rú ní 1821, ó dé Freetown ní 1822, òun náà ni Bíṣọ́ọ̀bù Crowther.

Àwọn tó bá wọn níbẹ̀ ò pè wọ́n ní Yorùbá. Wọ́n rí i pé kò sígbà tí wọ́n bá pàdé tí wọn ò ní í máa sọ pé ẹ kú èyí, ẹ kú tọ̀hún, ni wọ́n bá sọ wọ́n ní Akú. Àwọn ará Nova Scotia àti Maroon ò sì kà wọ́n sí, wọ́n ní ará oko ni wọ́n, tó jẹ́ ìhòòhò ni wọ́n bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọmọ tí àwọn Akú yìí àtàwọn ẹgbẹ́ wọn bí sí Freetown ni wọ́n wá ń pè ní Creole. Ọmọ ọ̀hún kàwé, ó ṣòwò, ó kọ́lé, àwọn tó ń fojú di bàbá ẹ̀ wá ń fún un lọ́mọ fẹ́, títí gbogbo wọn fi di Kíríò.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í rò. Ní 1820, ọmọ Agbamu kì í pe ara ẹ̀ ní Yorùbá. Ìgbómìnà ni, ará Ọ̀yọ́ ló ń jẹ́ Yorùbá. Freetown ni ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Yàgbà àti ọmọ Ọ̀yọ́ ti bá ara wọn gbé àdúgbò kan náà, tí wọ́n rí i pé àwọn gbọ́ra àwọn yé. Crowther gbé ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ó sì fi Yorùbá wàásù ní Freetown ní January 1844. Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá, Hastings ní Sierra Leone ni wọ́n bí i sí ní 1846. Ìyẹn ni pé orúkọ tí gbogbo wọn ń jẹ́ lónìí, lẹ́yìn odi ni wọ́n ti se é jinná kí wọ́n tó bù ú wálé. Ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn Yorùbá, inú ìkòkò àwọn Akú ló ti ń jẹ.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí Badagry, Èkó àti Abẹ́òkúta ní nǹkan bí 1839 síwájú, wọ́n tún gba orúkọ mìíràn. Èkó ò pè wọ́n ní Akú, kò pè wọ́n ní Kíríò, Sàró ni. Èyí tó lọ sí Banjul ní Gambia ṣì ń jẹ́ Akú títí dòní. Bàbá kan náà lè bí ọmọ mẹ́ta, kí ọ̀kan jẹ́ Akú ní Banjul, kí ọ̀kan jẹ́ Kíríò ní Freetown, kí èyí tó kù jẹ́ Sàró l'Ólówógbowó.

Ólówógbowó yẹn náà ni wọ́n bí Túndé King sí ní 1910, Sàró tó jẹ́ Mùsùlùmí, ọ̀kan pàtàkì lára àwọn tó dá jùjú sílẹ̀. Ìlù gumbe tí àwọn Maroon gbé wá láti Jàmáíkà sí Freetown ló sì tàn kálẹ̀ létí òkun títí dé Èkó, orin aṣíkò tó ṣáájú jùjú jẹ nínú ẹ̀. Lókè òkun náà, orúkọ yìí wọnú orin. King Oliver pe ẹgbẹ́ tiẹ̀ ní Creole Jazz Band, wọ́n gbé àwo jáde ní 1923, bẹ́ẹ̀ Louis Armstrong tó ń fun kàkàkí nínú ẹgbẹ́ yẹn kì í ṣe Creole rárá. Àwọn Creole aláwọ̀ dúdú ní Louisiana ló ni zydeco. Clifton Chenier a gbé àkọ́díọ̀nù kọ́yà bíi ti I.K. Dáìró, ẹnìkejì ẹ̀ a so páànù ìfọṣọ mọ́ àyà, a máa ha á. Ẹgbẹ́ Kassav' láti Guadeloupe àti Martinique fi èdè Creole wọn kọ zouk, gbogbo Áfíríkà jó o láìgbọ́ ohun tí wọ́n ń wí.

Bó bá jẹ́ pé orin àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ nìkan ni, kò bá dáa. Àmọ́ orúkọ a máa gba ilẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin ilẹ̀ fún ìgbèríko Sierra Leone ní 1927, àlejò ni wọ́n ka Kíríò sí níbẹ̀. Ó lè háyà ilẹ̀, kò lè ni ín. Orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira ní 1961, òfin ò kúrò. Ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣe òfin tuntun tó jẹ́ kí ọmọ orílẹ̀-èdè náà lè ní ilẹ̀ ní ìgbèríko, ì báà jẹ́ Kíríò. Ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún gbáko! Àwọn Mùsùlùmí ọmọ Akú ní Fourah Bay àti Foulah Town tún wà níbẹ̀, tí wọ́n ń jẹ́ Oku. Àwọn kan nínú wọn ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe àwọn ní Kíríò, pé ṣọ́ọ̀ṣì ló ni ìyẹn. Àwọn mìíràn ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Mohammed Shitta Bey tó kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá l'Ékòó, tí wọ́n ṣí ní 1894, Waterloo ní Sierra Leone ni wọ́n bí i sí. Èwo ni kí wọ́n pe òun?

Kẹ́nikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ará Sierra Leone nìkan nìyẹn. Ní Èsìẹ́, tí kò jìnnà sí Agbamu, ère òkúta tó lé ní 1,000 ló wà, àwọn àgbà ibẹ̀ sì máa ń sọ pé àlejò ni wọ́n nígbà kan rí, tí wọ́n di òkúta. Àlejò tí kò di òkúta ńkọ́? Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 pàápàá sọ pé ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ààrẹ ti mú mínísítà, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ló sì ń fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó, tí kò sun ìlú bàbá ẹ̀ lálẹ́ mẹ́ta rí, tí kò lè kí ọba ìlú láìjẹ́ pé wọ́n kọ́ ọ, á gba tiẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ Ẹ̀gbìrà tàbí Tiv tí wọ́n bí sílùú yẹn ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká padà síwájú ilé ìyá àgbà l'Ágbamu. Ẹ̀wà ti fẹ́ tán lórí atẹ. Ìyá ti gbọ́ gbogbo àlàyé Kíríò látẹnu ọlọ́kadà, ó ti rẹ́rìn-ín a-kiri-yó títí. Ó wá fọwọ́ kan ọmọdébìnrin tó jókòó tì í, ó ní, “Ẹ bá mi bi í. Ẹ̀gbìrà ni bàbá èyí. Iwájú ilé yìí ni ìyá ẹ̀ ti rọbí ẹ̀, ó gbọ́ Ìgbómìnà ju àwọn ọmọ-ọmọ mi tó wà l'Ékòó lọ. Kí ni wọ́n á máa pe irú ẹ̀ lọ́dọ̀ yín?”