Tírákà Rí Mọ́tò: Ta Ni Yóò Lọ Gbà Á Wá?

Ọ̀rọ̀ olè mọ́tò la gbé wá síwájú yín. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ olówó ni. Ọ̀kadà tí ọmọ yín gbà láwìn, tó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ohun ìrìnnà ni. Bọ́ọ̀sì akérò tí ẹbí dáwó jọ rà ńkọ́? Bí olè bá gbé e lọ, gbèsè kì í bá olè lọ. Ọrùn ẹni tó rà á ló ń kù sí.

Àwọn àgbà ní olè tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Ní Nàìjíríà tiwa, gbangba ìta ni olè ti ń fọn ọ́n! Á pa nọ́ńbà dà, á tú ẹ́ńjìnnì tà, tàbí kó gba ẹnubodè kọjá. Ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2003, tí ìjọba Ọbásanjọ́ ti ẹnubodè àwa àti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ pa nítorí olè mọ́tò àti àwọn ọ̀daràn tó ń gba ibẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ni, wọ́n tún ṣí i.

Wọ́n ní kí ẹ ra tírákà. A ò sọ pé kó má dára. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi pamọ́ sínú ọkọ̀ ni. Sátẹ́láìtì ojú sánmà ló fi ń mọ ibi tó wà, síìmù inú rẹ̀ ló sì fi ń ránṣẹ́ sí fóònù yín. Níbi tí kò bá sí nẹ́tíwọ̀kì, ẹnu rẹ̀ á dákẹ́. Olè tó bá rí i, á já wáyà rẹ̀. Nítorí náà, kíákíá ló yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé ọkọ̀ náà.

Ta ni yóò wá tẹ̀ lé e? Tírákà ò lẹ́sẹ̀, kò sì lè mú olè. Mélòó nínú yín ló ti sáré dé tẹ́ṣàn, tí wọ́n ní, “Ẹ mú owó epo wá”? Mélòó ni wọ́n sọ fún pé ibi tí ọkọ̀ wà kì í ṣe àgbègbè tiwọn?

Nígbà tí ẹ̀rọ LoJack bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1986, inú ọkọ̀ ọlọ́pàá ni wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń gbọ́ igbe rẹ̀ sí. Ọlọ́pàá ló ń wá ọkọ̀ kiri, kì í ṣe ẹni tí wọ́n jà lólè. Níbí ńkọ́? Lọ́dún 2024, wọ́n kéde pé kí onímọ́tò wá san ₦5,375 gba ìwé ẹ̀rí orí kọ̀ǹpútà. Aráàlú pariwo, wọ́n sì dá a dúró. Ṣé ẹ rí i? Owó yín ni wọ́n kọ́kọ́ rántí.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń bèèrè kò ṣòro. Kí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ṣáásì ọkọ̀ tí wọ́n bá jí dé gbogbo tẹ́ṣàn àti ẹnubodè lọ́jọ́ náà gan-an, lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ìjọba máa ra epo ọkọ̀ ọlọ́pàá. Kí wọ́n ran ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù àwọn ọlọ́kadà lọ́wọ́ láti ra tírákà, kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀.

Kí ọjọ́ ìdìbò tó dé, ẹ kọ nọ́ńbà ṣáásì yín sílẹ̀, kí ẹ fi í sílé, ẹ má fi í sínú ọkọ̀. Bí àwọn tó wà lórí àga bá sì gbé ìrẹsì dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ bi wọ́n pé: “Bí tírákà bá rí mọ́tò mi lóru òní, ta ni yóò lọ gbà á wá?” Ẹni tí kò bá rí ìyẹn dáhùn, ẹ má fìbò yín ṣòfò lé e lórí.