Ta ni yóò gbé arúgbó jáde lóru?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù. Ọ̀rọ̀ aago méjì òru ni. Bí iná bá ràn lára wáyà ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà lásìkò yẹn, ta ni yóò gbé wọn jáde? Nọ́ọ̀sì kan ni yóò wà níbẹ̀, àti ẹnìkan tó ń tún wọ́ọ̀dù ṣe, àti ọdẹ lẹ́nu géètì. Àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lè tó 20, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lè dá dìde. Ẹ fi ìka yín ṣírò rẹ̀.

A mọ ohun tí a ń sọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ilé ìtọ́jú kan tí a kò ní dárúkọ, ìjì òjò ṣí páànù orí wọ́ọ̀dù ní nǹkan bí aago kan òru. Iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wà, epo wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ wà lápò ọ̀gá kan tó ti lọ sùn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà pẹ̀lú, àgádágodo ni wọ́n fi tì í nítorí olè. Aṣọ ìbora ni a fi gbé màmá kan tí egungun itan rẹ̀ ti ṣẹ́. Ènìyàn mẹ́rin ló di etí aṣọ mú, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ aláìsàn mìíràn tó wá sùn ti ìyá rẹ̀. Màmá náà kò kú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹni tó ṣiṣẹ́ lóru ọjọ́ náà ni wọ́n kọ ìwé kúẹ́rì sí, pé kí ló dé tí bẹ́ẹ̀dì fi tutù. Kò sẹ́ni tó béèrè ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́.

Àwọn kan yóò ní ilé arúgbó kì í ṣe àṣà wa, pé ọmọ ló ń tọ́jú òbí nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣì rí ní ọ̀pọ̀ agbolé. Ṣùgbọ́n ẹ wo àdúgbò yín dáadáa, yálà Ìsọkùn ní Iléṣà ni tàbí Òkè-Fíà ní Òṣogbo. Àwọn ọmọ ti lọ sí Èkó, wọ́n ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n wá ń sanwó fún ẹni tí yóò máa tọ́jú ìyá. Àwọn ìjọ Kátólíìkì ní ilé arúgbó, Regina Mundi, ní Mùṣín l'Ékòó. Lójú tiwa, ibikíbi tí ẹni tí kò lè dìde bá wà lábẹ́ ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó ń gbowó, ilé arúgbó ni.

Ẹ má sì rò pé owó nìkan ló ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Amẹ́ríkà lówó. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní ìpínlẹ̀ Louisiana lọ́dún 2005, arúgbó 35 ni omi pa nínú ilé ìtọ́jú kan ṣoṣo, torí pé wọn kò kó wọn kúrò kí omi tó dé. Ní ìpínlẹ̀ Florida lọ́dún 2017, ìjì mìíràn gba iná tó ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù ilé arúgbó kan. Ooru mú wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ilé ìwòsàn ńlá kan tí iná rẹ̀ kò kú wà ní òdìkejì títì! Ènìyàn 12 ló kú.

Ibi tó kan ẹgbẹ́ wa rèé. Ní ọdún 2019 ọlọ́pàá mú ènìyàn mẹ́rin lórí ọ̀rọ̀ náà: alábòójútó ilé náà àti nọ́ọ̀sì mẹ́ta. Ọdún 2022 ni ìjọba tó jáwọ́ lára àwọn nọ́ọ̀sì náà, ọdún 2023 ni adájọ́ sì dá alábòójútó sílẹ̀. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ru ẹ̀sùn ikú sórí. Ẹ̀yìn ìjàǹbá náà ni Florida ṣe òfin pé ilé arúgbó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní jẹnẹrétọ̀ tí yóò lè mú ilé tutù fún ọjọ́ mẹ́rin. Ikú ló kọ́kọ́ dé, ìgbà náà ni òfin tó tẹ̀lé e. Àwọn àgbà ní wọn kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní tiwa, orí àgbà ló ń wọ́ lójú àwa tí a wà lọ́jà.

Àwọn aláṣẹ yóò sọ pé ètò wà. Ó lè wà. A ti rí ọ̀kan rí, nínú dúrọ́ọ̀ alágádágodo, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀, eruku orí rẹ̀ tó gbin ewédú. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kò rí i sójú rí.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yìí gan-an sì ti kọ́ ayé ní ohun tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàrin ọdún 1956 sí 1961, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà, ṣe káàdì ìwọ̀n fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Kò ti káàdì náà mọ́ ọ́fíìsì. Ọwọ́ ìyá ọmọ ló fi í sí, kódà fún ìyá tí kò mọ̀wé. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló wò ó kọ́ṣe. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ lára bẹ́ẹ̀dì arúgbó kọ̀ọ̀kan, ní Yorùbá: orúkọ rẹ̀, oògùn tí ń lò, bóyá ó lè rìn tàbí gbígbé ni, fóònù ọmọ rẹ̀. Bí a bá gbé e jáde, káàdì náà bá a lọ.

Èyí kò ná ẹnikẹ́ni ní owó ńlá. Kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ilẹ̀kùn tí a óò gbà sá kò gbọ́dọ̀ ní àgádágodo. Bí olè bá ń dẹ́rù bà yín, ẹ gba ọdẹ kún ọdẹ. Kí a sì ṣe ìdánrawò lóru, kì í ṣe lọ́sàn-án tí àwọn ayàwòrán wà níbẹ̀. Èyí tí yóò ná owó ni kí wọ́n fi ènìyàn kún iṣẹ́ alẹ́, ibẹ̀ ni wọn yóò sì ti bá wa jà. A ti ń dúró dè wọ́n.

A óò gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ alẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ó kọ tirẹ̀ sínú bébà, kí ó fi rán wa: bẹ́ẹ̀dì mélòó, òṣìṣẹ́ mélòó, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.