Kí Kòkó Ìdànrè Máa Jẹ́ Orúkọ Rẹ̀

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn, ẹ̀yin ọmọ Ẹkìmọ̀gún ní Oǹdó, gbogbo Nàìjíríà ló mọ ìpínlẹ̀ Oǹdó wa mọ kòkó. Síbẹ̀, ṣokoléètì tí a fi kòkó ìlú Ìdànrè wa nìkan ṣe, tí orúkọ Ìdànrè sì hàn gbangba lára rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ lórí àtẹ ọjà wa.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ilẹ̀, kì í sì í ṣe ti igi. Ọ̀nà tí a ń gbà ra kòkó ló fà á. Bí àgbẹ̀ kan bá fọ́ kòkó rẹ̀, tí ó kó o sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí ó fi ewé bò ó, tí ó ń yí i padà títí di ọjọ́ kẹfà, kí ó tó sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ dénú, tí aládùúgbò rẹ̀ sì bo tirẹ̀ fún ọjọ́ méjì péré, tí ó dà á sẹ́bàá títì ọlọ́dà, iye kan náà ni alágbàtà yóò san fún àwọn méjèèjì, inú àpò kan náà ni yóò sì da kòkó wọn pọ̀ sí. Kí ni yóò tún mú ẹni àkọ́kọ́ ṣe làálàá lọ́dún tó ń bọ̀?

Bẹ́ẹ̀ sì ni abẹ́ ewé yẹn ni adùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Omi dídùn tó yí ọmọ kòkó ká ní í kan, tí í mú ooru wá, tí ìkorò fi ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí inú ọmọ kòkó fi ń kúrò ní elésè-àlùkò. Kòkó tí kò bá rí èyí, bí a yan án títí ilẹ̀ ṣú, òórùn ṣokoléètì kò ní í ti ara rẹ̀ jáde. Èyí tí a bá sì fi iná igi mú gbẹ, èéfín kò ní í kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Títí di ọdún 1986 tí ìjọba tú Bọ́ọ̀dù Kòkó ká, ojú aṣàyẹ̀wò ni kòkó ń gbà kọjá, ipò kọ̀ọ̀kan sì ní iye tirẹ̀. N kò sọ pé Bọ́ọ̀dù kò rẹ́ àgbẹ̀ jẹ, ṣùgbọ́n ó mọ ire yàtọ̀ sí búburú. Ẹ má sì rò pé ọ̀wọ́n nìkan ni yóò gbà wá: ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Ọ̀wọ́n náà kò pẹ́ kó tó wálẹ̀. Àfonífojì Sambirano ní Madagascar kò dúró de ọ̀wọ́n kankan: orúkọ ibẹ̀ làwọn tó ń ṣe ṣokoléètì ń wá kiri. Ẹni tó bá mọ iyì wúrà là á tà á fún.

Nítorí náà, mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìdànrè, ní Oǹdó àti ní Ilé-Olújì ní ibì kan tí wọn yóò ti máa bo kòkó, tí wọn yóò sì máa sá a, kí wọ́n kọ orúkọ ìlú sára àpò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì san lé e fún ẹni tó bo tirẹ̀ dáadáa. Kí ìjọba fi oko kòkó Ọ̀dà nítòsí Àkúrẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ilé-iṣẹ́ kòkó tó wà ní Ilé-Olújì ti ń tẹ òróró kòkó tipẹ́, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n òróró kì í sọ ìlú tó ti wá. Ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì tí a ń wá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: ààrò ìyan, atẹ́ ìfẹ́ èèpo, àti ọlọ olókùúta tí iná mànàmáná ń yí, tí yóò lọ kòkó pẹ̀lú ṣúgà fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta títí yóò fi kúnná pátápátá. Ọ̀dọ́ mẹ́rin lè dá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ bí banki bá yá wọn lówó. Kí àwọn onímọ̀ Ilé-Ìwádìí Kòkó ní Ìbàdàn sì wá kọ́ wọn, kí a bẹ̀rẹ̀ kí ìkórè ńlá oṣù kẹwàá tó dé.