Èdè Wo Ni A Ó Fi Kọ́ Olùkọ́ Nípa Ojú-Ọjọ́?



Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin lórí ìyípadà ojú-ọjọ́. Ó ní kí ìgbìmọ̀ tí òfin náà gbé kalẹ̀ gba àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ nímọ̀ràn bí ẹ̀kọ́ yìí yóò ṣe wọ inú iṣẹ́ kíláàsì ní gbogbo ìpele. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ olùkọ́? Àṣà tí mo ń rí ni pé kí a kó wọn jọ fún ọjọ́ méjì, kí a fi Gẹ̀ẹ́sì rọ̀jò ọ̀rọ̀ lé wọn lórí, kí a fún wọn ní báàgì àti ìwé-ẹ̀rí, kí oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Nígbà tí olùkọ́ bá dé iwájú àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ ní Ìsẹ́yìn, kí ni yóò sọ?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń lò: "ìyípadà ojú-ọjọ́". Ta ni kò mọ̀ pé ojú-ọjọ́ ń yí padà? Oòrùn ràn láàárọ̀, òjò rọ̀ lọ́sàn-án. Ọmọ yóò ní kò sí ohun tuntun níbẹ̀, kò sì jẹ̀bi. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wò ni bí òjò, ọyẹ́ àti ooru ṣe ń ṣe sí fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Èmi ìbá pè é ní àṣà ojú-ọjọ́. Bí àṣà yẹn bá yí, àgbẹ̀ tí ń retí òjò àkọ́rọ̀ yóò mọ̀ ọ́n lára.

"Èéfín" tilẹ̀ burú jù. A ń sọ fún ọmọ pé èéfín ni ó ń mú ayé gbóná, bẹ́ẹ̀ gáàsì tí ọ̀rọ̀ kàn jù kò ṣeé fojú rí, kò sì ní òórùn. Lítà epo bẹntiróòlù kan tí ó bá jó tán nínú jẹnẹrétọ̀ ń tú nǹkan bí kílò 2.3 gáàsì náà sáfẹ́fẹ́, ìbáà má rú èéfín rárá. Ìyá tí ń fi èédú dáná nítorí pé kì í rú èéfín yóò rò pé òun ti bọ́. Èédú yìí gan-an sì ni ojútùú wa: ọ̀rọ̀ Látìnì tí àwọn Òyìnbó ti rí "kábọ́ọ̀nù", èédú ni ìtumọ̀ rẹ̀! Kí ló dé tí a kò lè wí pé "gáàsì èédú"? (Ọ̀rẹ́ mi kan ní orúkọ náà kò gbayì tó. Èmi fẹ́ràn orúkọ tí ọmọdé lè fọwọ́ kàn.)

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọ́n kọ ìwé fún un, wọ́n sì dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọmọ náà tayọ àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ gbà pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 wọ́n kéde pé àwọn ti wọ́gi lé e. Ìlànà ni wọ́n wọ́gi lé, wọn kò wọ́gi lé etí ọmọ.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ní ilẹ̀ Yorùbá mú olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti olùkọ́ èdè jókòó pọ̀, kí wọ́n fẹnu kò lórí ogún ọ̀rọ̀ péré, kí olùkọ́ sì fi Yorùbá dán ẹ̀kọ́ náà wò níwájú ọmọ kí wọ́n tó fún un ní ìwé-ẹ̀rí. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní orúkọ tí ó sàn ju "gáàsì èédú" lọ, ẹ mú un wá.