Ẹ Lóṣòó Kí Ẹ Tó Sanwó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní ìgboro Òṣogbo àti Iléṣà, ó dà bí ẹni pé a kì í wo ilé kankan kí a tó sọ ọkọ̀ lórúkọ. Bí ọkọ̀ bá ti ga nílẹ̀ díẹ̀, tí ó sì sanra, jíìpù ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ kékeré kan tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń lò ni ó ń jẹ́ orúkọ yìí, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè fi agbára yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí orúkọ náà dé ọ̀dọ̀ wa, ìtumọ̀ rẹ̀ fẹ̀ sí i. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni èdè máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fẹ́ fi ọkọ̀ rin ìrìnàjò tó jìn, orúkọ tó fẹ̀ jù lè gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà fún èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan. A ń múra láti ti Òṣogbo lọ sí Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin, kí a sì tẹ̀ síwájú dé Atakpamé ní ilẹ̀ Togo, níbi tí àwọn Ifẹ̀ tí a tún ń pè ní Àná wà, láti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ kí wọ́n tó fi wá sílẹ̀. Ọ̀dà wà lójú ọ̀nà ńlá, ṣùgbọ́n àwọn arúgbó tí à ń wá kì í sábà gbé létí ọ̀dà. Ilẹ̀ pupa ni ó lọ sí abúlé wọn, bí òjò bá sì rọ̀ sórí ilẹ̀ pupa, ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ méjì péré ń fà yóò kàn máa yí lójú kan ni. Owó tí a tu jọ kò tó ra tuntun. Àlòkù ni a ó rà.

Níbi ọjà tí a ti ń wá a kiri, òǹtajà kan fi ọkọ̀ kan hàn wá, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ń ṣiṣẹ́. A lóṣòó, a wo abẹ́ rẹ̀. Kò sí irin gbọọrọ tó yẹ kó ti ọ̀dọ̀ jíà lọ sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ iwájú nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Kí ẹ mọ̀ pé Toyota ta Highlander àti RAV4 ní oríṣi méjèèjì: èyí tí ẹsẹ̀ iwájú nìkan ń fà àti èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Kódà 4Runner, tí iye náà wà lára orúkọ rẹ̀ gan-an, wọ́n ta irú rẹ̀ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ó ń fà á. Nítorí náà, ẹ wo iwájú, ẹ wo ẹ̀yìn: irin náà gbọ́dọ̀ lọ sí ọ̀nà méjèèjì. Bí ọ̀nà yín bá ní ẹrẹ̀ tàbí òkè, ẹ tún wò ó bóyá ó ní jíà kékeré tí wọ́n ń kọ 4L sí, èyí tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ rọra fi agbára gígùn jáde. Highlander tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kò ní èyí.

Ìdí nìyí tí mo fi rántí àwọn Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò aṣọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń tà láwìn káàkiri. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, èyí sì mú kí ọ̀nà jíjìn súnmọ́ irú wọn. Orúkọ tí ayé sọ wọ́n wá láti inú bí wọ́n ṣe ń lóṣòó ti oníbàárà títí tí yóò fi san gbèsè rẹ̀. Ọgbọ́n wọn wúlò fún wa lónìí, àfi pé ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ ní láti lóṣòó kí owó tó kúrò lọ́wọ́ tirẹ̀ ni.

Orúkọ kejì tó ń tàn wá jẹ ni tòkunbọ̀. Orúkọ ọmọ ènìyàn ni tẹ́lẹ̀, orúkọ ayọ̀ sì ni: ọmọ tó ti òkè òkun bọ̀. Nígbà tí a gbé e lé ẹrù àlòkù lórí, iyì orúkọ bá ẹrù náà lọ. Bí a bá gbọ́ tòkunbọ̀, ọkàn wa á balẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ ohun tí ojú ọkọ̀ náà rí kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi? Nígbà tí ìjì Katrina mú omi bo ìlú New Orleans ní 2005, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ni omi bò mọ́lẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeé fọ̀, ó ṣeé kùn, á sì máa dán. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ẹ wá ẹrẹ̀ gbígbẹ. Ẹ wo bóòtù ìdí ìjókòó bóyá ó ti dípẹtà. Ẹ fa ọ̀pá tí a fi ń wọn epo ẹ́ńjìnnì jáde: bí epo náà bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti bá a pọ̀.

Èrò tèmi ni pé ọkọ̀ tí ènìyàn kan ti lò nílé, tí a mọ ẹni náà, tí a sì mọ mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe, sàn fún ìrìnàjò jíjìn ju tòkunbọ̀ tí a kò mọ ìtàn rẹ̀ lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ta kò mí, ọ̀rọ̀ wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní kòtò ojú ọ̀nà wa ti lu ti ilé bolẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí kòtò bàjẹ́, abẹ́ ọkọ̀ ni ó wà, ó ṣeé rí, ó sì ṣeé pààrọ̀. Ohun tí a fi pamọ́ ni kò ṣeé pààrọ̀ títí yóò fi dá wa dúró sínú igbó. Ẹ sì wo ti epo pẹ̀lú. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹ́ńjìnnì ńlá tí a fi ń ṣe fáàrí ti di ẹrù wúwo. Ẹ ra èyí tí àwọn mẹkáníìkì ojú ọ̀nà mọ̀, tí ẹ ó rí ohun èlò rẹ̀ rà ní Kútọnu bí ẹ ó ti rí i ní Òṣogbo.

Lẹ́yìn rírà ni ìmúra. Táyà ni àkọ́kọ́. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára táyà kọ̀ọ̀kan: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tó bá ti ju ọdún 6 lọ, bó ti wù kí ara rẹ̀ dán tó, n kò ní fi rin irú ìrìnàjò yìí. Lẹ́yìn náà ni bíréèkì, nítorí ẹsẹ̀ mẹ́rin ń ran ọkọ̀ lọ́wọ́ láti lọ, kì í ràn án lọ́wọ́ láti dúró. Ẹni tó bọ Ògún tán tí kò tún bíréèkì ṣe, Ògún kọ́ ni ó ṣe é. Ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì àti àwọn rọ́bà rédíétọ̀, kí ẹ sì kó àwọn tí ẹ yọ dání bí wọ́n bá ṣì dára. Ẹrù wúwo kò gbọdọ̀ wà lórí òrùlé, kí ọkọ̀ má baà dojú dé ní kọ́nà. Táyà méjì ni kí ẹ mú ní àfikún, pẹ̀lú okùn ìfàkọ̀, ṣọ́bìrì àti omi mímu. Ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbéra, ẹ di ẹrù náà pé, kí ẹ wa ọkọ̀ láti Òṣogbo gba Iléṣà lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí òkè wà, kí ẹ sì padà. Ohun tí yóò bàjẹ́, ilé ni kí ó ti bàjẹ́.

Ìwé ọkọ̀ náà ṣe pàtàkì. Láti January 2017 ni ìjọba ti fi òfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Ẹni tí ìwé owó ibodè rẹ̀ kò pé, aṣọ́bodè lè gba ọkọ̀ náà nígbà tó bá ń padà bọ̀. Ẹ gba Brown Card, ìwé ìbánigbófò tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní 1982, kí jàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ àjèjì má baà di ẹ̀wọ̀n.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn èdè wa. Ẹ jókòó ti àwọn mẹkáníìkì kí ẹ fetí sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ń mu epo, ọkọ̀ ń wúkọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún. Ẹni tó lè sọ̀rọ̀ báyìí ti fi Yorùbá ṣàyẹ̀wò ẹ̀rọ bí oníṣègùn ti ń yẹ aláìsàn wò, síbẹ̀ a ó máa wí pé èdè wa kò lè gbé ìmọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn baba wa tó sọ ọkọ̀ kan ní ayọ́kẹ́lẹ́, tí wọ́n sì sọ òmíràn ní bọ́lẹ̀kájà, wo iṣẹ́ àti ìwà ọkọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Bí a bá ń pe ọkọ̀ tí à ń sọ yìí ní afẹsẹ̀mẹ́rinfà, ẹni tó ń tà á kò ní lè fi gíga rẹ̀ nìkan tan ẹnikẹ́ni jẹ. Títí orúkọ náà yóò fi délẹ̀, ẹ má fàwọ̀ rajà. Ẹ lóṣòó, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. A ó dé ibi tí à ń lọ, a ó sì bọ̀ láyọ̀.