Ẹ Bèèrè Irú Jẹjẹrẹ Náà Kí Ẹ Tó San Owó

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa ní ọjà Ìlúpéjú,

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọyàn la mú wá, èyí tó ti kúrò nínú ọyàn tó ti wọ egungun, ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Bó bá ti dé bẹ́ẹ̀, ohun tí à ń gbọ́ lẹ́nu ara wa ni pé: "Ẹ ní kí dókítà po gbogbo ẹ̀ pọ̀, dírípù kimotẹ́rápì àti oògùn họ́mòónù, kó lè tètè lọ." Bí ẹni ń se àgbo! Àwa ò fara mọ́ ọn.

Jẹjẹrẹ ọyàn kì í ṣe oríṣi kan. Òmíràn wà tó jẹ́ pé họ́mòónù inú ara obìnrin ló ń bọ́ ọ. Oògùn oníhóró bíi Tamoxifen, tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, ló ń dínà oúnjẹ náà mọ́ ọn. Fún irú èyí, oògùn họ́mòónù ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ lò. Kimotẹ́rápì di ìgbà tí àìsàn bá fẹ́ ba ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ kíákíá, tàbí tí oògùn họ́mòónù ò bá ràn án mọ́. Àwọn onímọ̀ ti po méjèèjì pọ̀ wò: kókó lè tètè sún kì, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ò torí ẹ̀ gùn sí i, ìyà ara ló ń pọ̀. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Irú tí họ́mòónù ò bọ́ náà wà, ó sì wọ́pọ̀ lára àwa obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju ti àwọn òyìnbó lọ. Tamoxifen ò lè ràn án. Kimotẹ́rápì ló nílò.

Ẹran díẹ̀ tí wọ́n gé lára kókó ni wọ́n fi ń mọ ìyàtọ̀ ní láàbù. Ọ̀kan nínú wa ti ta ìsọ̀ rẹ̀ san owó dírípù kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ àyẹ̀wò yìí fún un. Nígbà tí èsì dé, oògùn oníhóró ló yẹ kó kọ́kọ́ lò.

Ohun tí a fẹ́ ni pé kí ẹgbẹ́ máa san owó àyẹ̀wò náà fún ọmọ ẹgbẹ́ tí ọ̀ràn bá kàn. Owó tí à ń ná sórí aṣọ ẹgbẹ́ nígbà òkú, ẹ jẹ́ ká yọ nínú ẹ̀ nígbà tí ẹni náà ṣì wà láàyè. LUTH ní Ìdí-Àràbà ò jìnnà sí wa. Láti 2019 ni ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ti wà níbẹ̀.

Ẹni tó sì ti ń gba ìtọ́jú, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín o. Dókítà yín ni kẹ́ ẹ bi.

Ọjà á tà o.